Ikùn Tí Gbogbo Abúlé Ń Yìn

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé ní abúlé wa lọ́nà Omifunfun, kò sí oyè, kò sí ilé alájà, kò sí agbádá olówó iyebíye tí ó níyì tó ikùn ọmọ. Ikùn ọmọ ni ìwé ẹ̀rí bàbá rẹ̀. Bí ikùn náà bá yọ síwájú gbọ̀ngbọ̀n, tí ìdodo sì jókòó lé e bí ọwọ́ ìdérí ìkòkò, a jẹ́ pé kòkó bàbá náà ń so, ẹja sì ń bẹ nínú ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní agbègbè Odigbo yóò rántí. Àlejò kì í béèrè kíláàsì tí ọmọ wà. Yóò ká ẹ̀wù ọmọ sókè, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ikùn rẹ̀ pẹ́pẹ́, yóò ní, "Ọmọ yìí ń jẹun o." Ìyìn ti pé. Ọba pàápàá kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi kò ní irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Mo tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ni mo ń jẹun bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí oúnjẹ náà ń gbà lọ. Bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, ìyá bàbá mi a rán mi lọ pọn omi lódò, kí ojú má baà ti ilé. Akin àbúrò mi ni wọ́n máa ń tì síwájú.

Akin kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà tí ikùn rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Bàbá mi, tí í ṣe àgbẹ̀ kòkó tí ó tún jẹ́ alàgbà nínú ìjọ wa, ń pè é ní Ṣíámáànù. Bí bàbá bá ti oko dé, kí ó tó bọ́ bàtà rárá, á kọ́kọ́ gbá ikùn náà lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tí ń wò ó bóyá wọ́n ti jí díẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, iwájú ni Akin ń jókòó nínú ilé ìjọsìn, bọ́tìnì ìsàlẹ̀ ẹ̀wù rẹ̀ ní ṣíṣí. Kì í ṣe pé bọ́tìnì náà já. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣí i ni.

Èmi ni mo ń pọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ àkọ́bí obìnrin nìyẹn, pẹ̀lú omi pípọn, àwo fífọ̀, àti pupuru. Ẹni tí kò bá ti ìhà ọ̀dọ̀ wa wá lè má mọ wàhálà pupuru. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sínú omi títí yóò fi rọ̀, a ó fún omi rẹ̀ kúrò, a ó mọ ọ́n rìbìtì rìbìtì, a ó sì tò ó sórí àjà iná kí èéfín lè gbẹ ẹ́. Bí ó bá gbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú. Èmi ni mo máa ha dúdú náà kúrò kí a tó gún un, kí a kù ú, kí a sì rò ó lórí iná. Ojú mi àti irun mi á dúdú pẹ̀lú. Ìyá mi a ní mo dà bí ẹni tó lọ wa ọ̀dà dúdú nínú ilẹ̀ ní Agbabu. Ìwúlò kan ṣoṣo tí ọ̀dà Agbabu tíì ṣe fún ilé wa títí di òní nìyẹn.

Bí iṣẹ́ bá tán, a ó lọ ta ten-ten, eré àfẹsẹ̀fò àwọn ọmọbìnrin, lábẹ́ igi máńgòrò. Akin á wà lẹ́yìn mi. Bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀ kí n lè fò dáadáa, tí ìyá mi sì rí i, kíkúnlẹ̀ ni, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lókè, títí apá á fi máa gbọ̀n. Nítorí náà mo kọ́ bí a ti ń ta ten-ten pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, mo sì ń borí àwọn tí kò pọn nǹkan kan.

Obìnrin kan wà tí a ń pè ní Ìyá Elépo. Ó máa ń ra epo pupa lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é ní oko, á sì kó o lọ tà ní Ore. Kì í ṣí kẹ́ẹ̀gì kó tó rà á. Yóò ká ìka rẹ̀, yóò kan kẹ́ẹ̀gì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó, kó, kó, yóò dẹtí, yóò sì sọ èyí tó kún, èyí tó dín, àti èyí tí oníjìbìtì ti bu omi sí. N kò rí i rí kí ó ṣìnà. Àwọn oníjìbìtì náà bẹ̀rù ìka yẹn ju ọlọ́pàá lọ.

Ní ọjọ́ kan tí ó yà nílé wa, bàbá mi ti Akin síwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìyá Elépo rẹ́rìn-ín, ó gbá ikùn náà pẹ́pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rò pé ìka rẹ̀ ṣe ohun tí ó ti mọ́ ọn lára, kí orí rẹ̀ tó mọ̀. Ó kàn án lókè. Ó kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ó kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Alàgbà, kì í ṣe oúnjẹ ló wà níbí o. Omi ni."

Bàbá mi kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó ní, "Ìyá Elépo, ọmọ mi kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì."

"Mo mọ̀. Bí ó bá jẹ́ kẹ́ẹ̀gì ni, n kò ní rà á. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà."

Bàbá mi dìde. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé ojú Ìyá Elépo kò kúrò lára ọmọ òun, pé àwọn ọmọ tirẹ̀ kò ní ikùn kankan tí èèyàn lè tọ́ka sí. Láti ọjọ́ náà, a kò gbọdọ̀ ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ obìnrin mìíràn ni a ń rà á, epo rẹ̀ kan, ọbẹ̀ wa sì kan fún oṣù mélòó kan nítorí iyì Ṣíámáànù.

Lẹ́yìn ìkórè kòkó ni Akin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ. Òkèlè méjì, ó tó. Nígbà tó yá, òkèlè kan. Apá rẹ̀ rù, ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí ti lékèélékèé, ṣùgbọ́n ikùn náà ń tóbi sí i. Bàbá mi ní ẹni tó bá ti yó kì í jẹun, ṣé a kò rí ikùn rẹ̀ ni? Ìyá bàbá mi ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ìyá mi ń wo ẹsẹ̀ ọmọ náà nígbà tí àwọn yòókù ń wo ikùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Akin bì, èébì náà láwọ̀ bí omi ewé. Ó di ikùn mú, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá mi kò bá ẹnikẹ́ni ṣèpàdé. Ó gbé e pọ̀n fúnra rẹ̀, ó ní kí n sáré lọ pe ọlọ́kadà. Bàbá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ta ló fún un láṣẹ láti máa gbé ọmọ òun kiri.

Ìyá mi fi orúkọ mi pè é, ó dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Bàbá Fúnmi, ẹ ti fi ikùn yìí han gbogbo ayé. Ó ku dókítà."

Ó gun ọ̀kadà, èmi náà gùn ún lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá mi gba ọ̀kadà mìíràn tẹ̀lé wa, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ìyàwó òun dá gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn bí ọmọ tí kò ní bàbá.

Ní Ore, nọ́ọ̀sì kan fọwọ́ kan ikùn Akin. Kò sọ pé ọmọ yìí ń jẹun. Òun ni ẹni kejì nínú ayé mi tí kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó, ó kọ lẹ́tà, ó ní kí a máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an. Bàbá mi ní bóyá aràn lásán ni. Nígbà tí a dé ibi tí a ti máa wọkọ̀, ọkùnrin kan ń polówó oògùn tó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, aràn, ẹ̀yìn dídùn àti àìróoorunsùn, gbogbo rẹ̀ nínú ìgò kan. Bàbá mi ti dúró tì í, ó ti ń béèrè bí wọ́n ṣe ń lò ó fún ọmọdé. Ìgbà tó máa fi yíjú padà, ìyá mi ti jókòó sínú mọ́tò.

N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn tí a lọ. Wọ́n ṣe wá lóore, n kò sì fẹ́ kí ẹ lọ dà wọ́n láàmú. Obìnrin kan wọlé tọ̀ wá wá, ó kéré lọ́jọ́ orí, ó tín-ín-rín bíi tèmi. Bàbá mi ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń retí kí dókítà gan-an wọlé.

Obìnrin náà ní, "Èmi náà ni dókítà, sà."

Kíá ni bàbá mi kó èdè Ìkálẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó wọ Yorùbá ilé-ìwé bí ẹni wọ kóòtù, ó ń kí i ní àkíìkítán. Ṣùgbọ́n ó yíjú sí ìyá mi, ó fi Ìkálẹ̀ sọ fún un pé ẹni tí kò ní ikùn rárá, kí ni yóò mọ̀ nípa ikùn ẹlòmíràn?

Dókítà tẹ́ Akin sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó tẹ́ ìka kan sórí ikùn rẹ̀, ó fi ìka kejì kàn án, kó, kó, kó, lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Ìyá mi wo bàbá mi. Bàbá mi wo àjà.

Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, dókítà jókòó, ó sì ṣàlàyé fún wa bí ẹni tó ní gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́. Ó ní aṣọ ọ̀rá kan wà tí Ọlọ́run ta bo ìfun ènìyàn, pé lára rẹ̀ ni àpò omi kan ti yọ sí lára Akin, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Kì í ṣe aràn, kì í ṣe ọwọ́ ayé, ìyá rẹ̀ kò sì jẹ̀bi nǹkan kan. Àmọ́ àpò náà ti gba àyè oúnjẹ, ó sì ti ń fún ìfun pa. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè lọ́ ìfun pọ̀, ó sì lè bẹ́ síbẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni yóò yanjú rẹ̀.

Bàbá mi ní ó tì o. Ó ní òun kò lè jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan ikùn ọmọ òun láìjẹ́ pé òun padà sílé lọ bá ẹbí sọ̀rọ̀. Ẹ mọ ìpàdé ẹbí. Wọ́n máa kọ́kọ́ dúró de ẹni tó wà ní Okitipupa.

Dókítà ní, "Ẹ lè lọ bá wọn sọ̀rọ̀, sà. Ọmọ yìí ni kò lè dúró dè wọ́n."

Akin ń mí kéékèèké lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyá mi sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Bàbá mi béèrè pé ṣé irú àìsàn yìí pọ̀.

"Rárá, sà. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Dókítà mìíràn lè ṣiṣẹ́ títí tó máa fi fẹ̀yìn tì kí ó má rí ẹyọ kan."

"Ní Odigbo ńkọ́?"

"Tiyín ni mo kọ́kọ́ rí láti Odigbo."

Bàbá mi tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ẹ mú ìwé yín wá."

Mo ti jókòó ní yunifásítì láti ìgbà náà, mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń ṣàlàyé bí a ṣe lè mú kí àwọn ará oko gba ìtọ́jú òyìnbó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dárúkọ ọ̀nà yìí. Bí àìsàn náà bá jẹ́ èyí tí gbogbo ayé ń ṣe, bóyá Akin ì bá má sí mọ́. Bàbá mi fọwọ́ sí ìwé náà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ó fi Alàgbà síwájú rẹ̀, orúkọ náà sì gùn kọjá ìlà tí wọ́n fà fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní Akin kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu. Ọmọ tó ti ń kọ oúnjẹ láti ọjọ́ yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé pupuru lòun fẹ́. Wọ́n gbé e wọlé, a sì ń gbọ́ igbe pupuru náà títí ilẹ̀kùn kejì fi dé.

Ìyá mi dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó kọ̀ láti jókòó. Bàbá mi, tó ti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún Akin tó sì ti sọ fún gbogbo ẹni tó kọjá, bẹ̀rẹ̀ orin ìjọ mẹ́ta, ó gbàgbé ẹsẹ kejì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èmi kò kọ orin. Mo ń wo ọwọ́ mi.

Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé kí dókítà tó jáde. Ó ní, "Ó ti parí. Ó wà dáadáa. A yọ àpò náà lódindi, ìfun rẹ̀ sì pé." Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí. Dókítà béèrè bóyá bàbá fẹ́ rí i, bàbá mi sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gbé bàsíà kan wá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ dà bí ọ̀rá omi tí wọ́n so lẹ́nu, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, omi inú rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí omídùn.

Bàbá mi wò ó pẹ́.

Ó ní, "Ohun tí mo ń yìn nìyí?"

Wọ́n bo bàsíà náà, wọ́n gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìsó. Dókítà ní Akin kò gbọdọ̀ jẹun títí ìfun rẹ̀ yóò fi jí, àmì tí a ó sì fi mọ̀ pé ó ti jí ni kí ọmọ náà só. Ọjọ́ kan kọjá, kò só. Ọjọ́ kejì, kò só. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì a máa béèrè láràárọ̀ pé, "Alàgbà, ṣé ó ti dé?" Bàbá mi, ẹni tó máa ń lé ọmọdé jáde ní ilé ìjọsìn bí ó bá só, kó gbogbo wọ́ọ̀dù jọ, ó ní kí a di ojú wa. Ó ní, "Olúwa, Ìwọ tí o la ọ̀nà sínú Òkun Pupa, la ọ̀nà kékeré yìí." Gbogbo wọ́ọ̀dù ṣe Àmín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, dókítà ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn ọmọ yunifásítì náà ń fi ojú ńlá kọ nǹkan sínú ìwé. Akin só. Ìsó náà gùn, ó sì ní ìparí. Bàbá mi kígbe Halelúyà. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní, "Ẹ fún un ní ògì."

Nígbà tí a padà sí abúlé, ikùn Akin ti pẹlẹbẹ. Àwọn èèyàn wá bá wa kẹ́dùn. Ìyá bàbá mi sunkún pé wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n Akin jókòó ti ìyá mi, ó jẹ pupuru pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja títí ó fi lá àwo, ó sì ní kí wọ́n fi kún un. Kí òjò tó tún dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di ẹsẹ̀ ọmọ.

Bàbá mi kò pẹ́ di dókítà. Ó tún ń ká ẹ̀wù Akin sókè fún àlejò, àpá ló kù tó ń fi hàn wọ́n. Á ní, "Ibí yìí la gbà wọlé," bí ẹni pé òun ló di ọ̀bẹ mú. Ṣùgbọ́n ó ṣe ohun kan tí n kò rò pé ó lè ṣe. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì wa, ó rìn lọ sílé Ìyá Elépo fúnra rẹ̀, èmi sì tẹ̀lé e. Ó dúró síwájú obìnrin náà, ó na kẹ́ẹ̀gì náà sí i. Ìyá Elépo gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn án.

Ó ní, "Òfìfo ni, Alàgbà. Ẹ jẹ́ kí n rọ ọ́ kún fún yín."

Ayé ti yí. Lónìí, ní ibi ìtọ́jú ìlera tó wà nítòsí abúlé wa, àwọn nọ́ọ̀sì máa ń sọ fún àwọn ìyá pé bí wọ́n bá ń wẹ ọmọ, kí wọ́n fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ wò, àti pé ikùn tó yọ tí apá rù kì í ṣe ọrọ̀, kí wọ́n gbé e wá. Àwọn ìyá sì ń gbé wọn wá. Nígbà tiwa, omi gbọ́dọ̀ kún kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Akin ti di bàbá ọmọ méjì, ó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ore, ó sì ti fi ọtí àti iyán kọ́ ikùn tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń bínú sí i. Ní ti àwa tí a ka ìwé, àwa kì í fi ikùn ọmọ yangàn mọ́, a ti lajú. Àwòrán ọjọ́ tí a gboyè ni a gbé kọ́ ara ògiri pálọ̀, fìlà onígun mẹ́rin lórí, kí àlejò má baà ṣì wá mú.

Mo ti fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ sì ti bá mi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò mọ̀ pé omi ni. Èmi mọ̀. Bí mo bá pọn Akin tí mo sì ń fò, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, tí omi náà ń lọ tí ó ń bọ̀, ọ̀pọ̀ oṣù kí Ìyá Elépo tó kàn án. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá yin ikùn náà máa ń yin èmi tí mo pọ̀n ọ́n pẹ̀lú, kò sì sí ìyìn mìíràn tó ń kàn mí nínú ilé wa. Ó dùn mọ́ mi, mo sì dákẹ́.